Apá Tó Gba Ife Ẹ̀yẹ

Àwọn tó bá wá kí mi máa ń béèrè ibi tí mo kó àwọn ife ẹ̀yẹ mi sí. Wọ́n wà nílé. Ọ̀kan ni mo ń kó irúgbìn ilá sí, torí pé ó ní ìdérí, eku ò lè wọ inú rẹ̀.

Ìlọrin ni mo ti kọ́ tẹ́níìsì, níbi tí àbúrò bàbá mi ti ń gé koríko pápá. Bọ́ọ̀lù ni mo kọ́kọ́ ń ṣà fún àwọn tó ń gbá a, kí èmi náà tó di ẹni tí wọ́n ń ṣà á fún. Mo gbá a títí, mo gba ife, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó tán, mo padà sílé ọkọ mi ní Àràndún, mo ń gbin ẹ̀gẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè ni èjìká mi. Èjìká ọ̀tún yìí ti gbó. Bí mo bá fẹ́ wé gèlè, orí ni mo máa ń tẹ̀ wálẹ̀ wá bá ọwọ́.

Nínú agboolé wa, àáró ni àwa obìnrin fi ń ṣe gàrí. Lónìí a ó ṣe ti ẹnìkan, lọ́jọ́ mìíràn a ó ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, òun nìkan ni yóò dá tirẹ̀ ṣe. Ẹ̀gẹ́ tèmi sì ti pẹ́ nínú ilẹ̀. Bí a ò bá tètè fà á tu, igi ni yóò dà. Mi ò lè dá a ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ìdí agbada sílẹ̀ fún mi ṣáá. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí Ìyá Onítẹ́níìsì yan án, apá irin ló ní." Wọ́n rò pé apá tó bá ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, ńṣe ló ń le sí i.

Lọ́jọ́ kan, èjìká náà kọ̀. Mo mú igbá tí a fi ń rú gàrí sí ọwọ́ òsì, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Ìyálé wa rí mi. Ó ti darúgbó, kì í yan mọ́, àga ló ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó!" Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, tèmi ti ọmọ-ọmọ lẹ́yìn. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

"Ìyá, mi ò júwe ilé ẹnikẹ́ni. Gàrí ni mo ń yan."

Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Oúnjẹ tí èèyàn máa jẹ lo ń fi òsì rú. Kí ló ṣe ọ̀tún?"

Ó ti rẹ̀ mí jù láti purọ́. "Ó ti kú sí mi lára, Ìyá. Òsì yìí ló máa ń ju bọ́ọ̀lù sókè, ọ̀tún á gbá a. Gbígbá yẹn ló jẹ ẹ́ tán."

"O sì ń fi yan gàrí wa?" Ó pòṣé. "Ẹ gba igbá lọ́wọ́ ẹ̀. Kó lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́."

Ìyàwó kékeré kan tó ń koná gbójú sókè. "Ìyá, ṣé bíbó àti yíyan wá dọ́gba ni? Ẹni tó jókòó síbi atẹ́gùn, àti ẹni tí èéfín ń pa?"

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, ẹ̀gẹ́ mi á gbó sínú ilẹ̀.

"Èmi tí mo jókòó yìí ńkọ́?" Ìyálé ní. "Ṣé ẹ ò wá sí tèmi ni? Ẹnu lásán ni mo fi ń bá yín ṣe é."

"Iṣẹ́ ẹnu yín ju ti agbada lọ, Ìyá," ìyàwó náà dáhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Nígbà tó kan tèmi, gbogbo wọn wá. Ìyàwó kékeré yẹn ló dúró nídìí agbada. Mo gbé ìgbọ̀nwọ́ lé itan, mo ń bó ẹ̀gẹ́ títí ó fi tán. Nígbà tí gàrí tutù, mo kọ́kọ́ bu ti Ìyálé. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì ti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sókè, kí n lè fi ọ̀tún gbé abọ́ náà fún un. Ó gbà á, ó ju díẹ̀ sẹ́nu.

"Kò gbẹ tó," ó ní. "Ta ló yan án?"

"Èmi kọ́, Ìyá," mo ní, mo sì lọ jókòó.