Ẹ̀yìn Ta Ni Màámi Wà?

Ọsàn ni mò ń tà létí títì ní Fìdítì. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé ẹnu mi mú ju ọ̀bẹ tí mo fi ń bó o lọ, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwa àti Gáná jọ gbá àṣekágbá ife Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ Màámi yìí mú ju tèmi lọ.

Ọmọ méjì ni Màámi bí. Ọkọ mi ni àgbà. Àbúrò rẹ̀, ọkọ mi kékeré, ń ṣe bíríkìlà ní Kúmásì ní ilẹ̀ Gáná, ó sì ti di ọmọ Gáná nídìí bọ́ọ̀lù. Wọ́n jà lórí ilẹ̀ oko bàbá wọn, àbúrò kò pe fóònù mọ́. Ọkọ mi ní ọmọ tí òun gbé jó kọ́ ni òun máa kọ́kọ́ pè. Èmi dọ́gbọ́n pè é títí, kò gbé e. Ó ní láti jẹ́ pé ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ló rán mi. Tí fóònù bá ti dún nínú ilé, Màámi á gbójú sókè. Tó bá jẹ́ oníbàárà ọsàn ni, wọ́n á rọra gbójú wálẹ̀.

Ọ̀mì ni wọ́n ta lọ́jọ́ náà, ló bá di pẹnárítì. Àwọn ará àdúgbò kún pálọ̀ wa, mò ń bó ọsàn fún wọn, kì í kúkú ṣe ọ̀fẹ́. Màámi mú tẹ̀súbà, wọ́n ń gbàdúrà. Inú ọkọ mi dùn, ó ní àdúrà ìyá òun kì í bọ́ sílẹ̀.

Tiwa gbá a, bọ́ọ̀lù fò lọ sókè bí ìgbà tó ń lé àdán. Ti Gáná gbá a wọlé. Màámi ṣe àmín. Ti Gáná tún wọlé, wọ́n tún ṣe àmín.

Mo sún mọ́ wọn, mo bi wọ́n ní jẹ́jẹ́ pé, "Màámi, ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

"Ẹ̀yìn Gáná." Ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ọmọ mi yẹn, láti kékeré, tó bá ti borí, kò lè pa á mọ́ra. Tí wọ́n bá gba ife yìí, á pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, omi sì ń bọ̀ lójú mi. Mo ní kí wọ́n máa ṣe àmín náà sínú, pé tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí bá gbọ́, wọ́n á lé wa kúrò nílùú, Ìlọrà la máa sùn.

Àfi bí aṣọ́lé wa ṣe mú ọ̀kan, tó tún mú òmíràn. Nígbà tí tiwa gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, ariwo gba ilé. Ọkọ mi fò títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, mo he é. Màámi ká tẹ̀súbà wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

Mo rí i tí ọkọ mi ń wo fóònù rẹ̀, tí ẹnu ń yún un. Mo ní, "Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ò sí níbí o. Kúmásì ló wà."

Ó wò mí, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tíì dún dáadáa tí àbúrò fi gbé e.

"Ẹ kú ìnira o, ẹ̀yin tí wọ́n nà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjóóró lẹ ṣe."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ó na fóònù sí ìyá rẹ̀.

Màámi kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ tí gbogbo ilé ń gbọ́. "Mo gbìyànjú fún yín o. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá fìlà lábẹ́ àga. Ó wá a títí bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ mi ló wà.