Màmá Nọ́ọ̀sì àti Ìwé Ìjà Ọrùn-Irin

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n fẹ́ lé Káfíńtà kúrò nínú ẹgbẹ́, ogún èèyàn ló wà lórí ẹ̀rọ, oníkálùkù nínú ilé rẹ̀, ariwo wọn sì pọ̀ débi pé ẹnìkan ò gbọ́ ti ẹnìkejì mọ́. Káfíńtà nìkan ló dákẹ́. Kí ni ì bá sọ? Ìgbà méjìdínlógójì ni wọ́n ti jọ kojú Ọrùn-Irin, ẹranko inú géèmù wọn tó ń tu iná lẹ́nu. Ìgbà méjìdínlógójì náà ló sun wọ́n di eérú, Káfíńtà ló sì máa ń kọ́kọ́ jóná.

Balógun wọn ló ń darí ìpàdé. Iṣẹ́ réwáyà ló ń ṣe, ó sì dá a lójú pé bí òun bá ti wọ yàrá, kí wọ́n kúkú pa gílóòbù.

“Ẹ jẹ́ ká dìbò,” ó ní. “Ẹni tó bá fẹ́ kí Káfíńtà máa lọ, kó wí.”

Ohùn àgbà obìnrin kan tí wọn ò gbọ́ rí bọ́ sí wọn létí. “Ẹ dúró ná. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. N ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń lé aláìsàn jáde nítorí pé òun ló kọ́kọ́ kú.”



“Ta nìyẹn?” Balógun bèèrè.

“Ìyá Olùkọ́ ni mí.” Olùkọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, ti fi ọwọ́ méjèèjì bojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Mo ti ka ìwé ìjà yín láti ojú ewé kìn-ín-ní dé ìkejìléláàádọ́rùn-ún. Ṣé ìwọ ni Balógun?”

“Èmi ni, Mà.”

“Jókòó dáadáa, ọmọ mi. Ìwọ lo ń pa wọ́n.”

Bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò le. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan ní ilé ìwòsàn. Ó gbé e délé, ó fi wé ti ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà fún wọn lọ́jọ́ kejì pé ó fi ìṣẹ́jú méjì falẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ Olùkọ́. Bí Olùkọ́ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án Sátidé, ìyá á jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri, á máa hun súwẹ́tà tí ọrùn rẹ̀ kò gba orí ẹnikẹ́ni.

“Kí ló dé tí o ń mí kanlẹ̀?” ó bi í lọ́jọ́ kan.

“A kú ni, Màmá.”

“Ẹ̀yin mélòó?”

“Gbogbo wa. Ogún.”

Ó gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀. “Ogún èèyàn kú lọ́sàn-án kan ṣoṣo? Fáìlì wọn dà?”

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó lu ẹranko, ẹni tí ẹranko lù, oògùn tí wọ́n lò, àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè kà á? Ẹni tó bá lù ú jù ni wọ́n ń wò, onítọ̀hún á sì fi ṣe fáàrí.

“Ẹ ní fáìlì,” Màmá Nọ́ọ̀sì wí, “ẹ ò kà á.” Bó ṣe fi ohùn sí i, ẹ ó rò pé wọ́n gbé ọmọ ìkókó sílẹ̀ sínú òjò ni.

Ọjọ́ kejì ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún òun. Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé wò ó títí, ó bi í bóyá ẹjọ́ ni wọ́n pè é. “Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ,” ìyá fèsì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi rúlà àti gègé pupa kà á. Ó ya ìwé sọ́tọ̀ fún jagunjagun kọ̀ọ̀kan, ó sì so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn àwọn àga ìjẹun gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Olùkọ́ ò lè jókòó jẹun mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbé àìsàn ẹlòmíràn kúrò lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ohun tó rí nìyí. Iṣẹ́ Balógun ni pé kó dúró níwájú Ọrùn-Irin, kí ojú ẹranko náà má kúrò lára rẹ̀, kí iná lè máa lọ sára ògiri. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìṣẹ́jú-àáyá kẹtàlélógójì, Balógun á sáré sí apá òsì, á fò sókè, á sì fi idà dá àrà kan tí àwọn èèyàn fi ń yìn ín. Ọrùn-Irin á yí orí tẹ̀lé e, iná á sì gbá gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn lọ. Káfíńtà ló sún mọ́ ọn jù. Ó sì lè sá o. Ìwé náà fi hàn pé ìgbà gbogbo ló ń lo ìṣẹ́jú-àáyá tó kù fún un láti fi asà rẹ̀ bo ẹlòmíràn.

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́?” wọ́n bi Káfíńtà, nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì kà á fún wọn tán ní ìpàdé náà.

“Mo rò pé bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn ni,” ó fèsì. Ẹnikẹ́ni ò tún dárúkọ ìbò mọ́.

Balógun nìkan ló ṣì ń jà. “Mà, fífò yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ́ yìí.”

“A dúpẹ́. Má kọ́ ẹlòmíràn.”

Ó bínú pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Mo ti ka ìwé náà, Mà. Òótọ́ ni.”

“Mo mọ̀ pé òótọ́ ni,” Màmá Nọ́ọ̀sì wí. “Ṣé o ti jẹun?”

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lòun fúnra rẹ̀ gbìyànjú àtijà. Ó jábọ́ lórí afárá kí wọ́n tó dé ẹnu ihò ẹranko. Ó gba gègé pupa, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀: “Aláìsàn yìí kì í wo iwájú. Kó padà sórí àga.”

Ó ní kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹranko kankan, kí wọ́n fọ ọwọ́.

“Mà, inú géèmù la wà,” Balógun rọra wí.

“Ṣé kò sí omi níbẹ̀ ni?”

Odò wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ogún jagunjagun aláṣọ irin ṣe ń tò sínú odò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí àwọn tó ń kọjá sì ń dúró wò wọ́n. Ibi tí wọ́n bá tò sí náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì á ti máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á bi wọ́n pé kí ló wà nínú àpò wọn, nítorí ìwé ti sọ fún un pé mẹ́ta nínú wọn máa ń gbàgbé oògùn sílé. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn rò pé àṣírí agbára wọn ni. Oṣù kan kò pé tí àwọn náà fi ń wá fọ ọwọ́, tí èèyàn sì kún odò náà ní àkúnya.

Èyí tó dùn jù ni ti Oníkẹ́míìsì, ẹni tó ń wo àwọn tó fara pa sàn lójú ìjà.

“Nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí o lò,” Màmá Nọ́ọ̀sì kà létí gbogbo wọn, “mẹ́tàléláàádọ́rin ló lọ sára Télọ̀.”

“Ibi tí Télọ̀ dúró sí léwu, Mà.”

“Ẹ̀yìn òkúta ló dúró sí. Ara rẹ̀ le kokoko. Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ràn rẹ̀, lo ẹnu rẹ. Má fi oògùn ẹlòmíràn sọ ọ́.”

 Télọ̀, ọmọge tó ń fi ọfà jà, ló dá sí i. “Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń retí kó sọ ọ́.”

Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, Màmá Nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà sí wọn: “Ẹ kú oríire. Kí oògùn ó máa kárí.”

Ìjà kọkàndínlógójì, Balógun dúró gbọn-in. Apá òsì ń pè é, kò dáhùn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹranko náà, kó tó di pé ẹnìkan ṣi ẹsẹ̀ gbé. Màmá Nọ́ọ̀sì ka ìwé náà lójú ẹsẹ̀, ó tún ibi ìdúró ẹni méjì ṣe. Èyí tó ṣe ogójì, ó ku díẹ̀. Ìkọkànlélógójì, Ọrùn-Irin gbé orí sókè láti tu iná ìkẹyìn, Balógun fi àyà rẹ̀ gbà á, ó ké pe Káfíńtà pé “Tìrẹ ni!”, Káfíńtà sì sáré wọlé, ó fi àáké lé e lọ́rùn. Irin náà là. Ẹranko wó lulẹ̀ bí ilé alájà mẹ́ta.

Ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ fún ariwo. Balógun ń sunkún. Olùkọ́ ń jó lórí kápẹ́ẹ̀tì.

“Ẹni mélòó ló kú?” Màmá Nọ́ọ̀sì bèèrè.

“Mẹ́ta péré, Mà! A borí!”

“Mẹ́ta ti pọ̀ jù.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún padà síbẹ̀. Sátidé kejì, ẹni méjì kú. Sátidé kẹta, ẹnìkan. Sátidé kẹrin, Ọrùn-Irin ṣubú, wọ́n ka ara wọn, wọ́n pé ogún. Màmá Nọ́ọ̀sì yẹ ìwé náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ló sọ fún wọn pé, “Ẹ káre, ẹ̀yin ọmọ mi. Gbogbo yín lẹ lọ sílé lónìí.”

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ló kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, lórí àga rẹ̀. Olùkọ́ fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ó sì rò pé ó ti parí. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí kò rí rí ló dúró síta, fìlà lọ́wọ́.

“Èmi ni Káfíńtà,” ó ní. “Ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀.”

Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti pé mẹ́tàdínlógún nínú pálọ̀. Ẹnìkan ò mọ ojú ẹnìkejì, ni wọ́n bá ń fi ẹ̀ṣẹ̀ wọn júwe ara wọn. “Èmi lẹni tó máa ń pẹ́ gbé asà.” “Èmi lẹni tó sùn lọ lójú ìjà.” Ẹ̀rín ń sọ láti àga dé àga.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ ọ́. “Gbogbo ọjọ́rú ló máa ń pè mí. Kì í ṣe nípa géèmù o. Ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí ló máa ń bèèrè.”

“Ó máa ń pe ìwọ náà?” Balógun yíjú sí i. “Ó ní kí n máa pe ìyá tó bí mi. A ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà tẹ́lẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló lọ yí ká. Kò sí ẹni tí kò pè. Olùkọ́ rọra jókòó. “Mo rò pé àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀,” ó ní. “Á ti ilẹ̀kùn, mo sì máa ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré mi.”

“Àwa ni,” Télọ̀ wí, ó sì mú un lọ́wọ́. “Àwa là ń pa á lẹ́rìn-ín.”