Ìwé Tí Bàámi Dì

Iṣẹ́ bàámi ni kí ó máa di ìwé ní Ṣómólú. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á tẹ ewé tiwọn tán, wọ́n á kó o wá fún un ní òkìtì òkìtì, òun á tò ó, á gún un ní pín, á fi kọ́fà bò ó, á sì gé etí rẹ̀ kó dọ́gba. Ìwé àdúrà, ìwé ìṣirò, ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀, bàámi kò lè ka ọ̀kan nínú wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, wọn kò rán an níléèwé, àmọ́ orin ìjọ Onítẹ̀bọmi tó mọ̀ lórí pọ̀ ju ti ẹni tó ń wo ìwé kọ ọ́ lọ. Orúkọ méjì péré ló lè kà: tirẹ̀ àti tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi mí síléèwé ló ní kí wọ́n kọ tèmi fún òun, ó sì fi odidi ọ̀sẹ̀ kan dà á kọ sára àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ìwé tí ẹ̀rọ ìgéwé gé dànù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yẹ kí n rántí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Obìnrin tó gba ipò rẹ̀ kò fẹ́ bàámi o. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní Bàrígà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán Sátidé nínú gbọ̀ngàn ìjọ Kátólíìkì kan. Àwọn ọmọ ẹlẹ́ja ń wá láti Ìlàjẹ létí ọ̀sà, àwa ń rìn wá láti Ṣómólú. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń lọ sí Máàsì tàbí kò lọ. Ó rí i pé mo ń pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá lọ, ó sì mọ ohun tó fà á, torí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá fún ènìyàn méjì. Nígbà tó yá, mo ń pè é ní Mọ̀mí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, òun ló ní kí n máa kọ́ àwọn kékeré, òun a jókòó sẹ́yìn, a máa fi orí jẹ́ mi lóhùn.

Òun náà ló gbọ́ pé àwọn sísítà Kátólíìkì kan ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ń wá ẹni tí yóò fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí owó oṣù. Oúnjẹ wà, yàrá wà, ó tán. Mọ̀mí ní èmi ni yóò lọ. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù bàámi fúnra rẹ̀ láti tọrọ mi.

Bàámi dá ẹ̀rọ dúró. "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ṣé wọn ò ní sọ ọ́ di sísítà báyìí, kí n wá máa wá ọmọ-ọmọ kiri?"

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Mọ̀mí wí. "Ọmọ tèmi náà ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ. Àwọn ará àdúgbò ní mo ti lọ sí òkè òkun. Òkè òkun tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, tí mo sì bá Yorùbá nílẹ̀ níbẹ̀! Torí Yorùbá ni àwọn ọmọ náà ń sọ nílé, ti Kétu, tó dùn létí bí orin. Faransé ni wọ́n ń sọ ní kíláàsì. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí mo bá lọ́wọ́ wọn kún fún yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ń kà á ní àkàsórí láìmọ ohun tó ń jẹ́ yìnyín. Ìbínú rẹ̀ mú mi. Mo kó ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní kí olúkúlùkù sọ ohun kan nípa ilé rẹ̀ fún mi ní èdè wa. Bí ọmọ kan bá ti sọ tirẹ̀, gbogbo kíláàsì á jọ gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, èmi á sì kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ mi, orúkọ ọmọ náà á wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ní ewúrẹ́ kan tí kì í gbọ́ràn. Bàbá mi àgbà máa ń sùn tí fádà bá ń wàásù. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Kùtọnu, kò sì fi fóònù pè wá. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe wọlé sí wọn lára.

"Àǹtí, tiyín ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo kọ tèmi sí ojú ewé àkọ́kọ́: Bàámi ń di ìwé tí kò lè kà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo wá ṣèlérí pé bàámi yìí gan-an ni yóò di ìwé tiwa. Orúkọ wọn á wà lábẹ́ gbólóhùn wọn, tèmi á wà lórí kọ́fà, mo sì máa kó o wá fún wọn kí n tó kúrò. Sísítà àgbà tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì pè mí lẹ́yìn náà. Ó ní kí n ṣọ́ra, ọmọdé kì í gbàgbé ìlérí. Mo ní èmi náà kò ní gbàgbé.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi ọdún àkọ́kọ́, mo gbé ìwé àjákọ náà fún Mọ̀mí pé kí ó bá mi wo àṣìṣe inú rẹ̀. Ó ṣí i, ó kà díẹ̀, ó pa á dé. "Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi," ló wí. "Mo fẹ́ fara balẹ̀ kà á." Mo padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ní gbogbo ọdún kejì, bí mo bá pè é, yóò ní òun ṣì ń kà á, pé iṣẹ́ rere kì í fẹ́ ìkánjú. Àwọn ọmọ náà ń béèrè ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo ń dá wọn lóhùn pé ó ti kù díẹ̀. Ọjọ́ tí mo máa kúrò, mo ní ìgbà tó bá jáde ni n óò fi ránṣẹ́.

Àwọn sísítà tètè ti iléèwé lọ́dún náà, mo sì dé Ṣómólú ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí mo dá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá bàámi nídìí tábìlì, òun nìkan, àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò wá.

"O ò sọ pé òní ni o ń bọ̀," ló wí. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀.

"Ẹ ò fẹ́ kí n dé ni, Bàámi?"

"Rárá o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ sinmi. Tàbí kí o lọ kí wọn ní Bàrígà."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kún orí tábìlì, wọ́n sì fẹ́ gbà á lọ́jọ́ kejì. Mo wé ìborùn mọ́dìí. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. A óò to àwọn ewé ní òkìtì yí etí tábìlì gígùn náà ká, ẹ óò máa rìn yí i po, ẹ óò máa mú ewé kan lórí òkìtì kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá fi máa padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìwé kan ti pé lọ́wọ́ yín. A kì í ka ohun tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń kà, iṣẹ́ ò ní lọ. Mo ti yí i po tó ìgbà mẹ́rin kí ojú mi tó kọ lu ìlà àkọ́kọ́ lórí ewé tó wà lọ́wọ́ mi, ní Gẹ̀ẹ́sì: Bàámi ń di ìwé tí kò lè kà.

Mo dúró. Mo wo òkìtì tó tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ aláìgbọràn wà níbẹ̀. Bàbá àgbà tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀.

"Bàámi! Ẹ̀yin àti Mọ̀mí!" Mo dì mọ́ ọn, mo sì jó yí tábìlì náà po. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ló pa á mọ́ fún mi, pé ìdí nìyẹn tí bàámi fi ń lé mi lọ sinmi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wo tábìlì. Mo rò pé ó dùn ún pé mo já àṣírí ẹ̀bùn náà ni.

"Kọ́fà dà?" ni mo bi í.

"Kò tíì dé."

Ó jáde lọ ra pín. Èmi sì mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ẹni mọ apá rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn, mo ká ọ̀rá kan sókè, àwọn kọ́fà wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n rẹwà. Orúkọ Mọ̀mí ló wà lórí wọn, pẹ̀lú oyè ìwé rẹ̀. Mo padà sídìí tábìlì, mo tún àwọn ewé náà wò. Wọ́n ti yọ orúkọ àwọn ọmọ náà kúrò lábẹ́ gbólóhùn wọn. Ewúrẹ́ náà kò ní olówó mọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni bàámi. Mọ̀mí gbé ìwé tó jí lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fún un láti dì, torí ó mọ̀ pé bàámi kò lè kà á. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Nígbà tí bàámi padà dé, mo ní mò ń lọ sí Bàrígà, n kò sọ nǹkan mìíràn. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Mọ̀mí ń ṣa ìrẹsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé rẹ̀. "O ti dé? Mo rò pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

Mo gbé kọ́fà kan lé e lẹ́sẹ̀. "Mọ̀mí, orúkọ mi dà?"

"Jókòó ná."

"Orúkọ àwọn ọmọ yẹn dà?"

Ó gbé abọ́ ìrẹsì sílẹ̀. "Gẹ̀ẹ́sì tí o fi kọ ọ́, ta ló kọ́ ẹ? Ibo ni o ti mọ̀ pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ilé ọmọ kọ́ ọmọ? Àbí kì í ṣe ọwọ́ mi lo ti rí i? Iléèwé wo ló fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ò ní ju ìwé mẹ́wàá lọ?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló fi ta mí bí ata. "Gbólóhùn àkọ́kọ́ ńkọ́, Mọ̀mí? Ṣé bàbá yín náà ń di ìwé ni?" Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni bàbá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ó ti sọ ọ́ fún mi láìmọye ìgbà.

"Ìwé lásán nìyẹn. Ta ló máa béèrè?" Ó tún gbé ìrẹsì rẹ̀. "Mi ò ṣe nǹkan kan tí ilé yín ò mọ̀ o."

N kò fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe nǹkan kan nígbà náà. Mo ń sunkún, mo sì ń wí lọ́kàn mi pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Ṣómólú. Lójú ọ̀nà, mo ń tún ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún bàámi ṣe, kí ó má baà máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ó ti di gbogbo rẹ̀ tán nígbà tí mo dé. Ó ń gé etí wọn. Mo mú ọ̀kan, mo ṣí i, mo rọra sọ fún un pé ìwé tèmi ni, pé orúkọ èmi kọ́ ló wà níwájú. Mo ka ìlà àkọ́kọ́ sí i létí, mo sì túmọ̀ rẹ̀: Bàámi ń di ìwé tí kò lè kà.

Ó dá ẹ̀rọ dúró. 

"Nígbà tí Mọ̀mí rẹ gbé iṣẹ́ náà wá, ó ní ìwé ọmọ mi ni. Inú mi dùn, mo fi han gbogbo àwọn ará ojúlé yìí. Ìgbà tí kọ́fà dé, mo wá orúkọ rẹ níwájú, mo wá a lẹ́yìn. Mi ò rí i."

"Ẹ mọ̀, Bàámi?"

"Mo bi í. Ó ní tó bá jáde lórúkọ òun, iléèwé kan l'Akoka máa gbà á, òun á sì mú ọ wọlé síbẹ̀, o ò ní ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Ó ní kí n má tíì sọ fún ọ. Mo rò pé ire rẹ ni."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí n máa jó yí tábìlì po."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń gé etí ìwé lọ.

Wọ́n wá kó àwọn ìwé náà lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó dì wọ́n dáadáa, etí wọn gún régé, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ Akoka náà dé lóòótọ́, n kò lọ. Ti Mọ̀mí rọrùn: mo bínú sí i, n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó tán. Ti bàámi ni kò tíì tán nínú mi, torí a jọ ń gbélé ni. Mo ní ẹ̀dà ìwé náà kan. N kò tíì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yẹn, torí wọ́n á wá orúkọ wọn.

Bàámi ṣì máa ń pè mí tí iṣẹ́ bá pọ̀, mo sì ń lọ, bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n kí n tó mú ewé kan lórí tábìlì, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ gbé kọ́fà wá kí n wò ó. Ó máa ń gbé e wá.