Ọṣẹ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n Dé Kùmásì

Ìrì ṣì wà lára koríko nígbà tí mo kúrò ní Ìlọ́bù pẹ̀lú àpò ọṣẹ dúdú, mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ibẹ̀ ni èmi àti Sìkírá ti kọ́kọ́ fojú kan ara wa. Ọmọ Ìfọ́n ni. Òun ló ń ṣe àdín tí mo fi ń se ọṣẹ, èmi ni mò ń polówó ọṣẹ náà lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, torí láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú wa méjèèjì tó pààlà, ẹ̀rù kì í jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ara wa. Òṣogbo ni àdín ń gbà dé ọwọ́ mi.

Akosua, obìnrin oníṣọ́ọ̀bù kan ní Kùmásì, ló ń ra ọṣẹ náà lórí fóònù. Ó fẹ́ máa gba púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àwọn tó ń ṣe é.

Láti Òṣogbo, àwa méjèèjì gbéra lọ bá a. A gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, a gba Kútọnu tí sẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn, ti ń kùn bí oyin. Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa rìn. Igi àgbọn ń kọjá lójú fèrèsé, ń kọjá, títí n kò fi mọ oorun yàtọ̀ sí ojú lílà. Ìgbà tí mo tají, orí Sìkírá wà léjìká mi. Ní Àkúrá, olú ìlú Gánà, a jẹ kẹ́ńkè pẹ̀lú ẹja díndín. Ẹ̀kọ wọn ni, àmọ́ ó kan, ó sì le ju tiwa lọ.

Nígbà tí a dé Kùmásì, Akosua gbóòórùn ọṣẹ náà pẹ́. Ó ní alata samina gan-an nìyí. Samina ni ọṣẹ; Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Ó wá béèrè orúkọ ìlú tí òun yóò kọ sára páálí. Sìkírá wolẹ̀. Bí mo bá dárúkọ ìlú kan ṣoṣo, àjọṣe wa lè parí síbẹ̀. Ní Kùmásì yìí ni wọ́n bí ìyá mi, kí wọ́n tó ní kí àwọn àlejò kúrò ní Gánà. Twi, èdè ibẹ̀ tí ìyá mi kọ́ mi, ni mo fi ṣàlàyé ìjà náà.

Akosua ní, “Láti ibí, Alata kan náà ni mò ń rí.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Sìkírá. Ó gbójú sókè, ó ní, “Sọ fún un kó kọ ìlú méjèèjì. Kí Ìlọ́bù ṣáájú, ibẹ̀ la ti ń sè é.”

Nígbà tí a padà dé Òṣogbo, mo ní kó bá mi délé. A jọ wọ ọkọ̀ Ìlọ́bù.

Ìyá mi wà lójúde. Sìkírá kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n bi í pé ọmọ ibo ni.

“Ọmọ Ìfọ́n ni mí, mà. Èmi ni mò ń ṣe àdín.”

Ìyá mi wò ó títí, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè wọn.

“Àdín rẹ ni mo fi ń pa orúnkún,” wọ́n ní. “Dìde, wá jókòó tì mí.”

Ọ̀nà Kùmásì jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn náà, láti Ìfọ́n dé ojúde wa ló jìn jù.