Ẹran Tí A Lọ Fi Ọ̀bẹ Jẹ ní Ẹgbẹ́dá

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ẹran sí ojú títì ní Ẹgbẹ́dá, lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi ti gbin ẹ̀gẹ́ rí, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé àdúgbò wa ti di Lọ́ńdọ̀nù. A ò ní omi ẹ̀rọ. Iná mọ̀nàmọ́ná ń wá nígbà tó bá rántí wa. Erùpẹ̀ ojú ọ̀nà wa pupa débi pé aṣọ funfun kì í dé ìta kó padà wálé ní funfun. Ṣùgbọ́n a ti ní ilé tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ ẹran. Kí la tún ń wá?

Ilé ẹran yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan wà ní Ìkẹjà, ọ̀kan wà ní Erékùṣù Èkó, tiwa ni ìkẹta. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé bí ẹran ṣe rí ní ọ̀kan ló ṣe rí ní gbogbo wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé wọ́n ń yin ara wọn ni. Lẹ́yìn tí mo jẹun níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ìkìlọ̀ ni. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ègé ẹran kan tó láti ra odindi ẹsẹ̀ màlúù ní ọjà Ìkòtún, kí alápatà sì tún fi ṣàkì ṣe èènì fún ènìyàn.

Kì í ṣe ebi ló gbé mi débẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọkọ ni.

Mo kúrò ní ilé ìwé ní ìwé kẹrin, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, ojú sì máa ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí oníbàárà bá bi mí ní orúkọ mi, ọ̀gá mi ló máa ń dáhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé bàbá mi, akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Èmi náà sì fẹ́ ẹ. Ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láti Èkìtì, àwa sì jẹ́ Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kò burú, pé ẹni tó ń san owó ilé lásìkò yóò bọ́ ìyàwó lásìkò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù. Òun ló tọ́ ọ dàgbà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Bí ẹ̀gbọ́n yìí bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ẹbí wọn yóò wá tọrọ mi. Bí ó bá ní rárá, kí n yáa máa rán aṣọ mi lọ.

Báńkì kan ní Erékùṣù ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó wá wò mí nílé wa, ó ní rárá.

"Kò sí ọmọ tí kì í ṣe dáadáa nílé bàbá ẹ̀," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Mú un wá síbi tí kò dé rí, kí n fojú ara mi wo bó ṣe máa ṣe."

Ibi tí n kò dé rí pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n ilé ẹran ló mú.

Ní àárọ̀ Sátidé tí a fẹ́ lọ, ìyá mi mú mi jókòó bí ẹni fẹ́ rán mi lọ sí Mẹ́kà. "Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo fẹ́ jẹ, o ò gbọdọ̀ dárúkọ nǹkan kan. Wọ̀bìà ló ń yan oúnjẹ níwájú àgbà. Ẹran ni kí o jẹ kẹ́yìn, má sì fọwọ́ kàn án kí àgbà tó jẹ tirẹ̀ tán. Àti pé, má ṣe lanu sọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bi ọ́." Èyí tó fi kẹ́yìn yẹn, ìyá mi ì bá má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

A wọlé ní ọ̀sán. Ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń fẹ́ débi pé mo rò pé àwa gan-an ni ẹran tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ti jókòó. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí láti gèlè dé sálúbàtà.

"Dìde, dìde jàre. Wọn kì í kúnlẹ̀ níbí."

Mo dìde. Ni bàbá tó ń gbé oúnjẹ bá dé, irun rẹ̀ funfun báláú, ó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí, wọ́n sì so nǹkan dúdú kan mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹran Iléyá. Kí ni ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé yóò ṣe? Mo tún kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán sà."

"Ọmọ dáadáa. Ọlọ́run á—" Àdúrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n máníjà wúkọ́ láti ìdí káńtà. Bàbá náà na ìwé oúnjẹ sí wa.

Àǹtí kò wo ìwé kankan. "Kó jinná dáadáa ni tèmi o."

"Bíi ti Àǹtí mi," ni àfẹ́sọ́nà mi wí. Akínkanjú ọkùnrin.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ohun tí ẹ bá fún mi, sà."

"Ṣé kó jinná, àbí kó jinná díẹ̀, àbí kó má jinná?"

Mo rò pé ó ń dán mi wò ni. Ní ilé wa, tí ìyàwó bá gbé ẹran tí kò jinná síwájú ọkọ, wọ́n á ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀. Níbí, wọ́n sọ ọ́ di nǹkan tí wọ́n ń fi bi ènìyàn, ènìyàn á sì tún sanwó lé e. Mo wolẹ̀. "Bí ẹ bá ti ṣe é náà ni, sà."

Bàbá náà dúró títí, ó wo Àǹtí, ó wò mí, àánú mi ṣe é. "Mo máa bá ẹ mú ti agbedeméjì. Òun làwọn ọlọ́lá ń jẹ."

Àǹtí mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ìwé mélòó lo kà?"

"Ìwé kẹrin, mà."

"Kí ló dé tí o fi dúró?"

Kí n tó rí ẹnu mi, àfẹ́sọ́nà mi ti bọ́ sí i. "Àǹtí, iṣẹ́ aránṣọ ló ń—"

"Ṣé ìwọ ni mo bi ni? Àbí ẹnu kan lẹ̀yin méjèèjì jọ ń lò?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ẹran. A dúró débi pé mo rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ da màlúù náà láti Ìlọrin ni.

Nígbà tí ó dé, àwo náà fẹ̀ tó atẹ. Láàárín rẹ̀ ni ègé ẹran kan jókòó sí bí olórí ẹbí, pẹ̀lú pòtétò díndín díẹ̀ àti ewé tútù kan tí a bá rí i lọ́gbà wa, ewúrẹ́ la máa fi fún. Kò sí ọbẹ̀. Kò sí ata. Mo wo abẹ́ àwo bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí. Tàwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tèmi ṣì ń sun ẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé màlúù náà ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti pa òun.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ rẹ́ tirẹ̀. Mo ti gbé nítòsí káfíńtà rí, mo mọ ohùn yẹn. Èmi ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo jẹ pòtétò. Mo jẹ ewé ewúrẹ́. Mo fi ẹran sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì ti ara wọn sórí àwo ní mímọ́ tónítóní, mo ká ọwọ́ mi lé itan, mo ń dúró kí Àǹtí jẹ tirẹ̀ tán.

Bàbá náà ti ẹ̀yìn mi wá, ó gbé àwo mi lọ.

Ẹran àti gbogbo rẹ̀. Mo ń wò ó bó ṣe ń lọ, tó ń fò díẹ̀díẹ̀ lórí àwo, títí ilẹ̀kùn ìdáná fi pa dé.

Àǹtí gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "O ò fẹnu kàn án."

Mo yíjú sí ilẹ̀kùn ìdáná.

"Mo ní ẹran tí mo fi owó mi rà, o ò fẹnu kàn án! Kí ló ṣe é? Ṣé ọwọ́ ìmàle kọ́ ló pa á ni? Àbí àwa ará òkè ò tó ẹni tí ọmọ onílẹ̀ ń bá jẹun?" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ṣé o rí i? Kì í ṣe ìtìjú o. Ìgbéraga ni. Ó ti parí."

Àfẹ́sọ́nà mi ń wo ẹran tirẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé tí mo bá dúró de ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo máa kú sílé bàbá mi.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí. "Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè. Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹran tán. N kò ní kí wọ́n gbé e. Mo ṣì fẹ́ jẹ ẹ́."

Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́ pe bàbá agbóúnjẹ. "Bàbá, ẹran ọmọ yìí dà?"

"Mà, wọ́n kọ́ wa ní Ìkẹjà pé tí ènìyàn bá ti to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì báyẹn, ó ti yó nìyẹn."

"Ẹran náà dà?"

Bàbá náà wo ilẹ̀. "Mà, ajá máníjà wà lẹ́yìnkùlé."

Ẹran tó gbówó lórí jù ní gbogbo Alimosho, ajá ló jẹ ẹ́, n kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó fẹ́ kó jinná. Máníjà wá, ó tún ṣe àlàyé ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì bí olùkọ́. Ó ní tí a bá fẹ́ òmíràn, a máa san owó òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì tí Àǹtí ń bá a sọ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ owó òmíràn, Gẹ̀ẹ́sì náà sá lọ, Èkìtì gbòde. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ṣá gbọ́ pé ó dárúkọ ajá, ó sì dárúkọ ìyá máníjà. Máníjà yí padà lọ jókòó sí ìdí káńtà rẹ̀.

Àǹtí fi ìbínú jókòó. Ó gé ẹran tirẹ̀ sí méjì, ó fi fọ́ọ̀kì gún ìdajì tó tóbi jù, ó sì gbé e sínú àwo kékeré síwájú mi.

"Gbà. Jẹ ẹ́ lójú mi."

Mo mọ ohun tó ṣe yẹn, òun náà mọ̀ ọ́n. Àgbà kì í yọ ẹran nínú àwo rẹ̀ fún ọmọ ẹni tí kò kà sí. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé wọn kì í kúnlẹ̀ níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ pé kí n dìde.

Mo fi ẹran náà sẹ́nu. Mo jẹ ẹ́. Mo tún un jẹ. Mo gbé e lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo dá a padà sí ti òsì. Kò ní ìyọ̀, kò ní ata, kò sì gbà fún eyín.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, mà."

"Irọ́ lo ń pa. Kọjú sí mi. Ṣé ó dùn?"

Mo gbé e mì. Ó wọlé bí òkúta. "Kò dùn, mà. Ó dà bí sálúbàtà."

Àfẹ́sọ́nà mi di orí mú. Àǹtí wò mí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà ní tábìlì kejì yíjú. "Sálúbàtà! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ ẹ́ ní ti Erékùṣù, èmi rò pé ẹnu mi ni ò mọ adùn!" Ó nu ojú rẹ̀. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Àti ìwọ, gbogbo bó o ṣe ń jẹ ẹ́ yẹn, o ò lè sọ̀rọ̀?"

"Àǹtí, mo rò pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni."

"Ọlọ́run ló yọ ẹ́ tó o rí ẹni tó máa bá ẹ sọ òótọ́." Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ara wọn, ó sì bi mí, èmi gan-an, kì í ṣe àbúrò rẹ̀, pé ọjọ́ wo ni bàbá mi máa ń wà nílé.

"Ọjọ́ Àìkú, mà," ni mo dáhùn, kí ẹnikẹ́ni tó bá mi dáhùn.

"Ó dáa. Sọ fún wọn pé à ń bọ̀ wá kí wọn. Kí ìyá ẹ má yọ ara wọn lẹ́nu lórí oúnjẹ o. Ẹran tó bá ṣáà ti jinná, tó ní ata, a máa jẹ ẹ́."