Yẹ̀rì Tí Mo Wọ̀ Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó Ọmọ Mi

Lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Peckham, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti pańla, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun tartan, aṣọ alárà onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí àwọn ará Scotland fi ń rán kilt, yẹ̀rì ọkùnrin wọn. Orí àtẹ̀gùn ni òórùn irun àgùntàn tútù ti ń pàdé òórùn pańla. Ẹlòmíràn ì bá di imú. Èmi kàn ń gòkè lọ ní tèmi ni. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni a sin ìyàwó mi, láti ìgbà náà kò sì sí ohun tó ń ta mí lára mọ́. Oúnjẹ ò dùn, kò sì korò. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Camberwell, mò ń bọ̀. N kò sunkún níbi ìsìnkú, àwọn ènìyàn ní mo gbìyànjú, pé ọkùnrin ni mí. Ọ̀rẹ́ mi, n kò gbìyànjú kankan.

Ọmọ mi obìnrin ló rán mi lọ síbẹ̀. Ọmọ Scotland kan ló fẹ́ fẹ́ ẹ, bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà náà ló sì ń kọ́ni ní aṣọ híhun. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kí ẹ̀gbọ́n mi mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pé èmi ò ní lè wá. Kò bínú, ó jókòó tì mí.

Ó ní, "Daddy, Mummy ti lọ. Ẹ̀yin náà, like, ẹ wà ńbí but ẹ ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn lọ bá bàbá yẹn. They've been asking for you."

Mo lọ, nítorí pé lílọ kò nira ju àìlọ lọ.

Mo fọwọ́ sọ̀yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nídìí òfì bàbá mi, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Àna mi, bàbá arúgbó tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n títí tí yóò fi kan òwú, fún mi ní òwú pupa, dúdú àti aláwọ̀ ewé. Mo to àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òòró, mo sì fi pupa nìkan hun ún ní ìbú, bí a ti ń ṣe nílé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì parí, ilà gbọọrọ-gbọọrọ ni mo hun, kò sí igun kan níbẹ̀. Àna mi wò ó títí.

Wọ́n ní, "Ó rẹwà. Àmọ́ bí ẹ ṣe ka òwú ní òòró, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ó ṣe kà á ní ìbú."

Ojú ò tì mí, n kò sì rẹ́rìn-ín. Mo tú u, mo tún un kà. Kíkà yẹn bá mi lára mu, nítorí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo hun kò ju ìborùn lọ. Àna mi ló yá mi ní kilt tiwọn, wọ́n sì kọ́ mi pé kí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí gbogbo ìṣẹ́po, ibi tí aṣọ ti ká lé ara wọn, wà lẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, mo dè é mọ́dìí, èmi ọmọ Ìsẹ́yìn, nínú yẹ̀rì! Mo kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, mo la apá méjèèjì, mo dúró. Mo dúró pẹ́ kí n tó bi ara mi pé kí ni mò ń dúró dè. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìyàwó mi fi ń tún ẹ̀yìn agbádá mi ṣe kí a tó jáde. Á fà á wálẹ̀, á gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á ní, "Ó ti tó, ó yá, ká lọ."

Ọmọ mi yọjú nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Daddy, kí lẹ ń ṣe?"

"Ìyá ẹ ni mò ń dúró dè."

Ó wá sẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìṣẹ́po náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bú jáde lẹ́nu mi. Ó dùn mí wọ eegun, ọmọ mi náà sì ń sunkún, àtíkè ojú rẹ̀ bàjẹ́, a sì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó mi kú, kì í ṣe ọjọ́ tí a sin ín. Ká ní n kò jẹ́ kí ó kú lọ́jọ́ náà ni, n kì bá tí lè mú ọmọ wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì.