Ọwọ́ Tó Ṣe Ampilifáyà Afínjú

Ẹ-jẹ́-á-wò-ó ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ènìyàn lè sọ tí kò ní fi gbólóhùn yẹn dáhùn. Bí ẹ bá ní rédíò yín ti yadi, ẹ jẹ́ á wò ó. Bí ẹ bá ní òjò ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ jáde wo ojú ọ̀run. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan, níbi tí òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà kì í ti í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé bí òun bá sín, ìyàwó òun á gbé mítà tó fi ń wọn iná lé òun láyà, kó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni òun sín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé àpótí kan wọlé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, gìtá ló ń ta ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó wá, ọkọ ló jẹ́ fún un nìyẹn, ìyàwó kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ló sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí pé ọkùnrin náà tín-ín-rín bí okùn gìtá rẹ̀.

"Ìyàwó, wá wo arẹwà!"

Ampilifáyà onígílóòbù ni, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, irú èyí tí àwọn gílóòbù kéékèèké máa ń pọ́n nínú rẹ̀ bí ẹ̀yinná nígbà tí ohùn gìtá bá ń gbà á kọjá. Igi pupa dídán ni wọ́n fi kan àpótí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ Afínjú sára idẹ níwájú rẹ̀. Gbogbo olórin ìlú ló mọ Afínjú. Wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ampilifáyà, ẹyọ kan lóṣù méjì. Iye tó ń tà á, ènìyàn lè fi ra márùn-ún nínú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá.

"Ẹ rí i níbi tó ti ń ṣe é?" ni Ẹ-jẹ́-á-wò-ó bi í.

"Kì í jẹ́ kí ènìyàn wọ yàrá iṣẹ́ òun. Ó tiẹ̀ ní bí mo bá ṣí i pẹ́nrẹ́n, kí n má wá bá òun mọ́ bó bá bàjẹ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

Hẹ̀n-ẹ́n yẹn gùn ju ìwàásù lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lobìnrin náà ti bá Afínjú pàdé. Ọwọ́ ọkùnrin náà jọ̀lọ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní. Báwo lèèyàn ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ tí iná kò jó o lọ́wọ́ rí? Àpá iná méje ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì tó de àpótí náà. Wọ́n ti fi gúlúù dúdú dí gbogbo wọn lórí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ampilifáyà olówó pọ́ọ́kú tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, Ẹ-jẹ́-á-wò-ó ti pààrọ̀ gílóòbù méjì fún un. Ó gbé àwọn méjèèjì sẹ́yìn aṣọ fèrèsé kan, ó sì lọ fa ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé. Ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí eèrà bá súfèé, etí wọn á gbọ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ta gìtá jẹ́jẹ́ lórí èkíní, ó ta á lórí èkejì.

"Ọ̀kan náà ni," ni màmá wí. "Àbí ẹ fẹ́ fi mí ṣeré ni?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yí ohùn àwọn méjèèjì sókè, ó tún ta á. Màmá na etí sí i. "Ti àkọ́kọ́ yìí ń pariwo. Ti ìkẹyìn yẹn ń kọrin."

Ti ìkẹyìn ni ti Afínjú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fò sókè, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà. Sípíkà ti Afínjú tóbi ju ti èkejì lọ. Ta ló mọ̀ bóyá òun ló ń kọrin? Ẹ-jẹ́-á-wò-ó yọ wáyà sípíkà ńlá náà, ó so ó mọ́ èyí olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n tún ta á. Màmá ní ariwo náà ti rọlẹ̀, àfi bí ẹni pé ìdajì ìyàtọ̀ yẹn ti sá lọ.

"Ìdajì tó kù, inú àpótí yìí ló wà," lobìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ á wò ó."

"Ìyàwó, má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

"Bí mo bá bà á jẹ́, ẹ wá gbé tẹlifíṣọ̀n mi."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n náà, ó wo àpótí, ó ní kó ṣí i. Obìnrin náà yọ ọ́ kúrò lára iná, ó fa iná tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ jáde, torí iná irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì lè gbé ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló ha gúlúù kúrò, ó sì tú nọ́ọ̀tì. Ohun tó ń retí ni pátákó pẹlẹbẹ tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ wáyà sí lára, kó lè fi han ọkọ rẹ̀ kékeré pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì.

Kò bá pátákó kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi so gbogbo wáyà, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí irun dídì, wọ́n sì fi òwú tí wọ́n fi ìda pa so ó ní ìdì-ìdì. Gbogbo kókó òwú náà ló kọjú sápá òsì.

Ẹ-jẹ́-á-wò-ó fọwọ́ kan kókó náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń ta kókó bẹ́ẹ̀: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ọlọ́wọ́ òsì, tó ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tó ní ojú òun ti lọ.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é lóòótọ́," ló sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ Afínjú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá. Bàbá náà ṣí i díẹ̀, wọ́n fara dí àlàfo tó kù.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìsinmi o."

"Ìsinmi náà ni, ọmọ mi."

Òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ ń ti ẹ̀yìn wọn bọ̀. Àtàǹpàkò òsì wọn ti lé ròrò níbi tí iná ti jó o, awò tuntun sì wà lójú wọn.

"Ọ̀gá, mo ti ṣí ọ̀kan nínú ti Afínjú."

Bàbá náà mí kanlẹ̀, wọ́n yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àpótí igi mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yàrá. "Nígbà tó jẹ́ orúkọ mi ló wà lára rẹ̀," ni wọ́n wí, "àwọn olórin ń sọ pé iṣẹ́ bàbá onírédíò ni, ta ló fẹ́ rà á? Afínjú kan orúkọ tiẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wá tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní kí n má sọ fẹ́nì kan."

"Títí kan èmi? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbàdúrà fún ojú yín!"

Ọ̀gá wolẹ̀. "Àdúrà ọ̀hún gbà."

Ẹ-jẹ́-á-wò-ó kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì pa á. Inú ṣì ń bí i bó ṣe ń rìn lọ sílé.

Ó sọ ọ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹnu olórin kò sì nílẹ̀kùn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn onígìtá ti ń lọ sílé Ọ̀gá fúnra wọn. Ni Afínjú bá wọ ṣọ́ọ̀bù Ẹ-jẹ́-á-wò-ó wá pẹ̀lú ìbínú, ó ní Ọ̀gá gan-an ló bẹ òun pé kí òun fi orúkọ òun bo tiwọn, torí ìtìjú ojú tó ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó fi Ọlọ́run búra. Nígbà tí Ẹ-jẹ́-á-wò-ó bi Ọ̀gá, wọ́n ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò ta èyíkéyìí nínú ampilifáyà méjèèjì fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi olówó pọ́ọ́kú kọ́ orin tuntun nílé, ó sì ń gbé ti Ọ̀gá lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ-jẹ́-á-wò-ó ṣì ń lọ kí ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jọ jókòó ti àwọn àpótí náà, wọ́n á jọ máa so wáyà. Ó fẹ́ràn wọn bíi bàbá. Ó gbà wọ́n gbọ́, kò kàn gbà wọ́n gbọ́ tán ni.